Ọdẹ́bùnmi Ọdẹ Kọ́kọ́rọ́ Nínú Igbó Àìmọye

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn pátápátá, ìtàn a ti tutù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé ìjókòó yín wá sábẹ́ igi òro yìí, kí ẹ jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Èmi Ògúnrántí tí ẹ ń wò yìí, èmi tí mo yin ìbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹfọ̀n mẹ́ta ṣubú, tí ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ fara gba ọta, ìtìjú ló pa á, mo ti rìn nínú igbó tí ẹyẹ ti ń fẹsẹ̀ rìn tí ìjàpá sì ń fò. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ìtàn Ọdẹ́bùnmi ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọdẹbìnrin tí kò pa ẹran rí, síbẹ̀ tí igbó tó wọ̀ jìn ju ti gbogbo àwa ọkùnrin lọ. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Mo sì mọ̀ pé kò purọ́, nítorí èmi tí mo mọ irọ́ pa dáadáa, mo máa ń dá a mọ̀ bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Ní ìlú Ayégbàmí ni Ọdẹ́bùnmi ń gbé. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbi tó ti ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Ó fẹ́ràn ohun tó bá le. Ẹ̀rọ tí gbogbo ènìyàn bá ti sọ pé ó ti kú, òun ni yóò gbé sórí itan bí ọmọ jòjòló, kò sì ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi lajú.

Ní àkókò náà, ọba iwin kan wà nínú Igbó Àìmọye, Atìlẹ̀kùn ni orúkọ rẹ̀. Ọba yìí lówó, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe bébà, kì í ṣe wúrà. Owó inú ẹ̀rọ ni, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ń ná, tí ojú kì í rí, tí ọwọ́ kì í dì mú, àfi kí ènìyàn mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi tì í. Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí inú ọba dùn, ó kó lára owó náà sínú àpótí kan, ó tì í, ó sì kéde fún ènìyàn àti iwin pé: “Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè ṣí i ni. Nọ́ńbà rẹ̀ wà láàárín àwọn nọ́ńbà igbó mi. Ẹni tó bá rí i, òun ló ni ohun tó wà níbẹ̀, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè rí i!”

Ṣé ẹ rò pé ìyẹn kéré? Bí ẹ bá ka iyanrìn etí odò, tí ẹ ka ewé inú igbó, tí ẹ ka irun orí gbogbo ẹni tó ti kú pẹ̀lú ti àwọn tí a kò tíì bí, nọ́ńbà ọba ṣì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà kan lè dán nọ́ńbà rẹpẹtẹ wò kí ojú tó ṣẹ́ lóòótọ́, síbẹ̀ bí ìgbà tí èèrà ń fi ẹnu gbẹ́ òkè ni.

Nígbà tí Ọdẹ́bùnmi gbọ́ ìkéde yìí, kò lè jókòó. Ó pe àwọn ará ìlú jọ, ó ní: “Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe àáró lóko, ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí kò lò, kí ó yá wa. Màá pín àwọn nọ́ńbà náà bí ẹni pín ilẹ̀ oko. Kálukú yóò wá inú ìpín tirẹ̀, ẹnì kan kò ní tún ọ̀nà ẹlòmíràn tọ̀. Ibi tí a bá ti wá tán yóò di aláwọ̀ ewé lójú ẹ̀rọ mi. Ẹ̀rọ ẹni yòówù tó bá rí kọ́kọ́rọ́, gbogbo wa ni a ó pín in, bí iṣẹ́ kálukú bá ṣe tó.”

Bí wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ Àjọwá sílẹ̀ nìyẹn. Làmídì aránṣọ ló kọ́kọ́ yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà tó fi ń ya bátànì, òun náà sì di igbákejì Ọdẹ́bùnmi. Àwọn ẹlẹ́gàn kò gbẹ́yìn. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wá nínú òkun. Làmídì dá wọn lóhùn pé òun ti wá abẹ́rẹ́ nínú ohun tó burú ju òkun lọ, nínú kápẹ́ẹ̀tì ìyàwó òun.

Wọ́n wá a títí, wọ́n wá a pẹ́. Nígbà tó yá, Ọdẹ́bùnmi wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀, ó rí i pé aláwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lára agbádá lọ. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Àwa ènìyàn kò tó. Àfi kí n lọ bẹ àwọn iwin kí wọ́n wá bá wa ṣe àáró.”

Àwọn ènìyàn bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ó gbé kọ̀ǹpútà sínú àpò ọdẹ bàbá rẹ̀, ó gbé sólà kọ́ ẹ̀yìn, ó fi fóònù kọ́rùn, ó forí lé Igbó Àìmọye. Èmi gan-an fẹ́ bá a lọ, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọkàn mi ní ká lọ, ìbọn mi ní ká lọ, orúnkún mi nìkan ló kọ̀.

Nígbà tó dé ẹnu ibodè igbó náà, ó bá òdòdó pupa kan níbẹ̀ tó tóbi bí agboòrùn. Odídẹrẹ́ kan bà lé orí rẹ̀, ó ń ké pé: “Ẹni tó bá wọlé nítorí kọ́kọ́rọ́, kó gbọ́ òfin! Bí ewé òdòdó yìí bá já tán kó tó rí i, kò ní padà sílé mọ́. Ewé igbó ni yóò máa kà fún ọba títí ayé!”

Ọdẹ́bùnmi wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń ka ewé lóòótọ́. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ń kà á pẹ̀lú ìka: “Èyí, àti èyí, àti èyí…” Atẹ́gùn fẹ́ yẹ́ẹ́, ewé dàrú, ọkùnrin náà sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé àkọ́kọ́. Ọdẹ́bùnmi fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó rántí gbogbo ojú tó sin òun dé ẹ̀yìn odi ìlú, ó sì sún síwájú.

Iwin olórí méjì ló ń ṣọ́ ibodè náà. Orí ọ̀tún kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn ju “Bẹ́ẹ̀ ni” lọ. Orí òsì kò mọ̀ ju “Rárá” lọ.

Odídẹrẹ́ ní, “Bí àwọn méjèèjì kò bá fẹnu kò, ibodè kì í ṣí. Wọn kò sì fẹnu kò rí láti ìgbà tí ìyá wọn ti bí wọn.”

Ọdẹ́bùnmi kúnlẹ̀, ó kí wọn. “Ẹ̀yin bàbá, ṣé mo lè wọlé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni ti orí ọ̀tún.

“Rárá!” ni ti orí òsì. Bí ìjà ṣe dé nìyẹn. Ọ̀tún fi eyín fa etí òsì, òsì fi iwájú orí kan ọ̀tún nímú, ọrùn kan ṣoṣo tó gbé wọn sì ń mì bí ìbẹ́pẹ tí ìjì dì mú.

“Ó dáa, ṣé kí n padà sílé ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni!” “Rárá!” Ìjà tún dé.

Ọdẹ́bùnmi jókòó sílẹ̀, ó tú ẹ̀kọ jẹ, ó ń ronú. Bàbá rẹ̀ a máa sọ pé ẹran tí kò ṣe é kò lójú, ẹ̀gbẹ́ là ń gbà yọ sí i. Lójijì ó bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní: “Ẹ̀yin bàbá mi, ṣé ẹ kò ní dí mi lọ́nà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni orí ọ̀tún wí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, bẹ́ẹ̀ ni, a kò ní dí ọ lọ́nà.

“Rárá,” ni orí òsì wí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, rárá o, a kò ní dí ọ lọ́nà.

Orí méjèèjì yíjú síra wọn. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú wọn, wọ́n sì fẹnu ko ara wọn lẹ́nu dé ibi tí ọrùn kan gbà wọ́n dé. Ibodè sì ṣí gbayawu.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé àwọn iwin kò nílò kọ̀ǹpútà, àtẹ́lẹwọ́ wọn ni ẹ̀rọ wọn. Nọ́ńbà a máa sáré kọjá nínú rẹ̀ bí omi nínú ṣẹ́lẹ̀rú. Ọdẹ́bùnmi bẹ olórí méjì kó wá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́, ó sì fún un ní ìpín kan. “Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: ṣé ìwọ ni?” Orí òsì gbà á bí ẹni gba oúnjẹ: “Rárá, rárá, rárá, rárá!” Orí ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí fajúro nítorí kò rí nǹkan sọ. Ọdẹ́bùnmi sọ̀rọ̀ sí i létí pé: “Ẹ má bínú, bàbá. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, mo fi nọ́ńbà àmì kan pamọ́. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ọba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá ibẹ̀ dáadáa kò ní ṣàì pàdé rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i, ohùn yín la nílò.” Kò pẹ́ tí nọ́ńbà àmì yọjú. Orí ọ̀tún ké “Bẹ́ẹ̀ ni!” tó bẹ́ẹ̀ tí èso bọ́ lórí igi.

Ọdẹ́bùnmi pe Làmídì lórí fóònù, ó ròyìn. Mo rí ẹnì kan tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn. O fẹ́ mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe dé igbó iwin, àbí? Ọ̀rẹ́ mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì igbó iwin dára ju tiwa lọ. Ibí yìí ni ènìyàn ti ń gun igi kó tó lè kí ìyá rẹ̀.

Odídẹrẹ́ ń bá Ọdẹ́bùnmi lọ kó lè máa ròyìn òdòdó fún un. Wọ́n rìn títí wọ́n fi wọ ìlú Wàràwàrà. Àwọn iwin ìlú yìí, bí wọ́n ṣe ń yára kò ṣe é fẹnu sọ. Wọ́n ti ń pín ogún kí àìsàn tó dé. Wọ́n ti ń dáhùn ìkíni kí àlejò tó la ẹnu. Kí Ọdẹ́bùnmi tó wí ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀, Baálẹ̀ Wàràwàrà ti gbà: “A gbọ́! A gbà! Kó ìpín wá!” Ó fún wọn ní ìpín rẹpẹtẹ. Kó tó rí ibi jókòó sí, wọ́n ti dé: “A ti parí! Kò sí níbẹ̀! Kó òmíràn wá!”

Ojú ẹ̀rọ di aláwọ̀ ewé yọ̀ọ̀. Làmídì ń jó nínú fóònù. Inú Ọdẹ́bùnmi dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ ni. Ó ní, “Baálẹ̀, ẹ ṣeun gidi. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà àmì tí ẹ rí lọ́nà ńkọ́?”

“Àmì?” Baálẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. “À… a rí i! A rí i dáadáa! Ìyára ni kò jẹ́ ká rántí rẹ̀.”

“Gbogbo yín?”

“Gbogbo wa ni a yára.”

Ọdẹ́bùnmi tẹ ẹ̀rọ, gbogbo aláwọ̀ ewé tiwọn sì padà di funfun. Odídẹrẹ́ ké pé: “Ewé òdòdó kan já!” Ohun tó ba Ọdẹ́bùnmi lẹ́rù jù ni pé, ká ní òun kò béèrè, bí kọ́kọ́rọ́ bá wà nínú ìpín wọ̀nyẹn, ẹnikẹ́ni kò ní padà síbẹ̀ wá a mọ́ láéláé.

Ó ní: “Baálẹ̀, ẹni tó bá sọ pé òun kò tíì ṣe é, kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣe é tó ní òun ti parí, ó ti ti àpótí yẹn lẹ́ẹ̀kejì.”

Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi àtàǹpàkò walẹ̀. Ó ní, “Ọmọbìnrin, kò sí ẹni tó bi wá léèrè ohun tí a ṣe rí. Bí a bá ti ní a ti parí, wọn a ní a káre. Ó ti mọ́ wa lára.” Ó gba ìpín kan ṣoṣo padà, ó jókòó tì í. Nígbà tó ṣe, omi bẹ̀rẹ̀ sí yọ níwájú orí rẹ̀. Gbogbo ìlú sáré wá wò ó, wọn kò rí irú rẹ̀ rí. “Kí lèyí? Ṣé òjò ni?” Ọdẹ́bùnmi ní, “Òógùn ni.” Ni kálukú bá ń du ìpín kó lè ní tirẹ̀. Kí Ọdẹ́bùnmi tó kúrò níbẹ̀, ìlú Wàràwàrà ti ń fi òógùn yangàn bí ẹni fi ìlẹ̀kẹ̀ yangàn.

Níwájú ni ìlú Dídán wà, níbi tí Ayaba Tèmikòtó ti ń jọba. Obìnrin yìí lẹ́wà, ilé rẹ̀ lẹ́wà, ajá rẹ̀ pàápàá wọ bàtà. Ẹgbàágbèje ìránṣẹ́ ló ní, àtẹ́lẹwọ́ wọn ń tàn bí dígí. Ó fi oyin ṣe Ọdẹ́bùnmi lálejò, ó sì ní:

“Gbogbo ìránṣẹ́ mi yóò bá ọ wá a. Lónìí náà ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o kọ́kọ́ bá mi ṣe nǹkan kékeré kan. Aládùúgbò mi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin mi, bàbá arúgbó ni. Ó ní àpótí owó tirẹ̀. Kó ẹgbẹ́ rẹ jọ kí wọ́n bá mi wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.”

“Ṣé òun náà kéde pé kí a wá a ni?”

Ayaba rẹ́rìn-ín. “Ta ni yóò kéde irú ìyẹn? Ohun tó fi pamọ́ de ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ni.”

Ewé òdòdó tún já. Odídẹrẹ́ ní, “Ó ku díẹ̀ o!” Làmídì ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní: “Àbúrò mi, jẹ́ ká ṣe é. Kí ni bàbá iwin kan jẹ́ sí wa? Ìwọ ni n kò fẹ́ kí o máa ka ewé.”

Ọdẹ́bùnmi wo àwọn ìránṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ń tàn náà, itọ́ sì dá lẹ́nu rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Lẹ́yìn náà ó ní: “Bọ̀dá Làmídì, ẹni tó gbé tirẹ̀ síta pé kí a wá a, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kó lè rí oorun sùn, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bí a bá wá ti àkọ́kọ́, ọdẹ ni wá. Bí a bá wá ti èkejì, olè ni wá, bí a tilẹ̀ pọ̀ tó ìlú méje.”

Làmídì mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Òótọ́ lo sọ. Bó bá di ewé kíkà, màá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá, a ó jọ máa kà á.”

Ayaba Tèmikòtó dìde, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó pàṣẹ kí wọ́n gbé Ọdẹ́bùnmi jù sí ẹ̀yìn odi. Ó yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀ àfonífojì, sólà rẹ̀ bọ́, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Ó jókòó sínú koríko, ó sunkún díẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n jù bẹ́ẹ̀, odi yẹn ni ì bá wó! Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Bó ṣe ń nu ojú, ó gbọ́ ohùn ńlá kan tó ń ka nọ́ńbà. Ó gbé orí sókè. Ohun tó ti pè ní òkè kì í ṣe òkè, ọkùnrin kan ni. Koríko ti hù léjìká rẹ̀, ẹyẹ ti kọ́lé sí etí rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti ta gbòǹgbò wọ ilẹ̀. Ó ń kà á lọ, nọ́ńbà ń sáré nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó tẹ́jú bí pápá. Lójijì ẹyẹ fi ìyẹ́ rìn ín létí, ó sín, “Hàtíṣùùù!” Igi wó. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tìyanu-tìyanu, ó ní, “Ibo ni mo dé?” Ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan.

Adánìkanwá ni orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ọba ti kéde ló ti ń wá kọ́kọ́rọ́ náà ní òun nìkan.

Ó rí Ọdẹ́bùnmi, ó bú: “Ta ni ìwọ kòkòrò yìí? Ìwọ náà wá nítorí kọ́kọ́rọ́, àbí? Dáhùn ìbéèrè mi kí n tó tẹ̀ ọ́. Kí ló tóbi jù mí lọ?”

Ọdẹ́bùnmi wo ìwọ̀n rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, “Ibi tí ẹ kò tíì dé, bàbá.”

Adánìkanwá pa ojú dé, ó tún là á. “Kí ló kéré jù mí lọ?”

“Ibi tí ẹ ti ń wá láti ìgbà yìí. Ẹ wò ó.” Ó gbé kọ̀ǹpútà sókè. “Ẹ rí ibi aláwọ̀ ewé yìí? Gbogbo ibi tí ẹ ti ń làágùn nìyẹn. Àwọn ará ìlú mi ti wá a tán, olórí méjì ti wá a tán, ará Wàràwàrà ti wá a tán, wọ́n sì fi àmì hàn mí. Kò sí níbẹ̀, bàbá. Ẹ lè fi í sílẹ̀.”

Òmìrán náà wò ó títí. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, Ọdẹ́bùnmi sì rò pé ìbínú ni. Ẹ̀rín ni! Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi kún inú koríko. “Mo lè fi í sílẹ̀! Mo lè fi oókan sílẹ̀! Ẹ̀yin igi, ṣé ẹ gbọ́? Oókan ti sú mi!” Ó ní, “Níbo ni kí n wá?”

Ọdẹ́bùnmi na ìka sí ìpín funfun tó kàn, ó sì lé ẹyẹ kúrò ní etí rẹ̀. Òmìrán bẹ̀rẹ̀. Ó rí nọ́ńbà àmì, ó fi hàn án, ó sì ń bá a lọ. Òdòdó ku ewé méjì. Ó ku ẹyọ kan. Bí oòrùn ti ń yẹ̀ kúrò ní àtàrí, Adánìkanwá dákẹ́ lójijì. Iná kan ń tàn ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó ti rí i.

Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, ó pa ọwọ́ rẹ̀ dé.

Agbára wo ni Ọdẹ́bùnmi ní tó lè fi ṣí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀? Òmìrán náà kò wò ó. Ó ń wo ìkúùkù ara rẹ̀, ó ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, “Láti ọjọ́ yìí wá. Láti ọjọ́ yìí wá.”

Ọdẹ́bùnmi kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn gbé fóònù sókè, ó ní: “Bọ̀dá Làmídì, ẹni tó rí i wà níbí. Adánìkanwá ni orúkọ wọn. Ẹ kí wọn.”

Ohùn Làmídì ló kọ́kọ́ jáde: “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o!” Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti gbogbo ìlú Ayégbàmí tí wọ́n ti kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù: “Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú làálàá! Ẹ kú ìfaradà! Adánìkanwá, ẹ kú ọjọ́ gbogbo!”

Òmìrán náà tẹrí sí fóònù. “Kí ni wọ́n ń ṣe?”

“Wọ́n ń kí yín ni, bàbá.”

“Wọ́n mọ orúkọ mi.” Ó yíjú sí Ọdẹ́bùnmi. “Kí ni ènìyàn ń wí padà?”

“Ẹ ní, ‘Ẹ̀yin náà ẹ kú iṣẹ́.’ Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè juwọ́ sí wọn.”

“Ẹ̀YIN NÁÀ Ẹ KÚ IṢẸ́!” Òmìrán na apá sókè, ó ń juwọ́ sí fóònù kékeré náà tayọ̀tayọ̀, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló sì là. Nọ́ńbà náà ń tàn yanranyanran. Ó rí i pé ọwọ́ òun ti ṣí. Ó wo Ọdẹ́bùnmi. Kò pa á dé mọ́. Ó ní, “Tètè tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ rẹ, ọmọ mi, kí n tó sín.”

Ọdẹ́bùnmi tẹ̀ ẹ́. Ní ààfin, àpótí Atìlẹ̀kùn là gbàgà. Ìgbà yẹn gan-an ni ewé ìkẹyìn já lára òdòdó, ó sì balẹ̀ jẹ́jẹ́ láìrí ẹni mú.

Ọba fúnra rẹ̀ sáré jáde láìdé adé. Wọ́n rò pé yóò bínú, ṣùgbọ́n ó di ìyàwó rẹ̀ mú, ó ń jó. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ti nǹkan pa, kò sí ẹni tó bá òun ṣeré dé òpin rí. Ó dá gbogbo àwọn tó ń ka ewé sílẹ̀. Ọkùnrin oníkóòtù nì fò sókè, ó já ewé kan, ó sì jẹ ẹ́!

Bí Ọdẹ́bùnmi ṣe wọ Ayégbàmí ní ọ̀sán ọjọ́ kejì nìyẹn, pẹ̀lú àwọn tó ń ka ewé tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àti òmìrán kan tó ní láti jókòó sí ẹ̀yìn odi kó má baà tẹ òrùlé. Wọ́n kóra jọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù láti pín in. Owó náà ń lọ sórí fóònù àti sí àtẹ́lẹwọ́ kálukú bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tó. Fóònù ń dún káàkiri ìlú, ewúrẹ́ ń sá kiri. Làmídì gbọ́ tirẹ̀, ó sùn sílẹ̀ gbọọrọ, ó ní kí wọ́n má tíì jí òun.

Nígbà tí wọ́n rò pé ó ti tán, obìnrin arúgbó kan wọ́ ẹsẹ̀ dé, fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ni, láti ìsàlẹ̀ odò. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló bá a fi fóònù náà sínú ẹgbẹ́ kó tó rìnrìn-àjò. Ọdẹ́bùnmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé màmá wà lára wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. “Màmá, kí lẹ̀yin rí?”

“Mo rí i pé kò sí níbẹ̀,” ni màmá wí.

Ẹ̀rín sọ. Ọdẹ́bùnmi ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, ó wá ìpín màmá. Ìpín kékeré ni, ọ̀kan ṣoṣo tí fóònù náà lè ṣe láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo ibi tó wà. Ó tún un wò. Ó pa ẹ̀rín àwọn ènìyàn mọ́ wọn lẹ́nu pẹ̀lú ọwọ́ kan ṣoṣo tó gbé sókè.

Ìpín màmá fẹ̀gbẹ́ kan ti ìpín tí òmìrán ti rí kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá jẹ́ pé màmá ti wá a tán, ibẹ̀ ni Ọdẹ́bùnmi ì bá kọ́kọ́ rán òmìrán lọ. Ewé òdòdó tó kù ì bá ti já kó tó jáde níbẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo wọn bó ṣe rí. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òmìrán lẹ́yìn odi ṣí fìlà ewé tó dé.

Fóònù màmá dún, tirẹ̀ ti wọlé. Kò pọ̀, yóò ra àgùntàn kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Màmá wo fóònù, ó fi etí aṣọ nù ún, ó ní, “Ṣé ó ti parí nìyẹn?”

“Ó ti parí, màmá.”

“Ó mà ṣe o. Bí fóònù yìí bá ti ń wá nọ́ńbà, a máa gbóná dáadáa. Òun ni mo fi ń yá ọwọ́ bí iná nígbà ọyẹ́.” Ó yí padà láti máa lọ, ó tún dúró. “Ọdẹ́bùnmi, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n tún gbé àpótí mìíràn síta, ẹ má ṣe é láìsí èmi.”

Ọ̀fun mi ti gbẹ, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá gbàgbọ́ kó bu omi wá. Ẹni tí kò bá gbàgbọ́, òun ni kó lọ pọn ọ́n.